Ọkọ̀ tí mo fọwọ́ ara mi kàn: báwo ni mo ṣe fẹ́ gba nọ́ńbà fún un l'Óṣogbo?

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Ọdún 3 ni mo fi kan ọkọ̀ kékeré elérò 2 kan lẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Fìà. Ẹ́ńjìnnì àti gíá rẹ̀ jẹ́ ti Corolla tó ní jàǹbá. Èmi àti wẹ́dà àdúgbò la jó férémù rẹ̀. Ó ń rìn, búréèkì ń mú, iná pé. (Ìyàwó mi ní kí n má kùn ún ní pupa. Mo ti kùn ún.)

Nọ́ńbà ṣaṣí ni wàhálà. VIN, ìyẹn nọ́ńbà ṣaṣí tí wọ́n ń tẹ̀ sára ọkọ̀ ilé-iṣẹ́, máa ń jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Tèmi ò ní kankan. Àwọn tó ń fún ọkọ̀ ní nọ́ńbà tún ń béèrè ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọkọ̀ tí kò ti ìlú kankan wọlé! Mo kó rìsíìtì ẹ́ńjìnnì àti ìwé Corolla lọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rín ni wọ́n ń fi mí rín. Ẹnì kan ní kí n gé nọ́ńbà ṣaṣí Corolla, kí n jó o mọ́ tèmi. Mi ò ṣe é, ẹjọ́ ọlọ́pàá ni mo rí níbẹ̀.

Ṣé ẹnikẹ́ni nínú yín ti gba nọ́ńbà fún irú ọkọ̀ báyìí rí? Ta ló láṣẹ láti fún un ní nọ́ńbà ṣaṣí tuntun, ṣé VIO ìpínlẹ̀ (àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò) ni àbí FRSC (ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìjọba àpapọ̀)? Ìwé wo ni kí n kọ́kọ́ mú dání?