Ta ló mọ owó ìrànwọ́ fún gáàsì èèpo ẹ̀gẹ́?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Wẹ́dà ni mí l'Ábẹ́òkúta. Táǹkì tó ń sọ èèpo ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ màlúù di gáàsì ìdáná ni mò ń ṣe fún àwọn ìyá tó ń yan gàrí. Èèpo tó ń jẹrà lẹ́yìn ibùdó wọn ń tú mẹ́táánì, gáàsì tó ń mú ayé gbóná, sáfẹ́fẹ́, èéfín igi sì ń ta wọ́n lójú títí omi á fi máa dà.

Táǹkì kejì mi ń jó búlúù fún wákàtí méjì lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó kan. Èèpo ẹ̀gẹ́ tètè ń kan, bó bá sì ti kan, gáàsì á dá. Irinṣẹ́ tí màá fi máa wọn kíkan yẹn àti gáàsì tó ń jáde ni mo nílò owó fún.

Owó ìwádìí tí TETFund, àjọ ìjọba àpapọ̀, ń pín, àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba ló wà fún. Mo kọ̀wé sí ibi méjì lókè òkun: ọ̀kan ò fèsì, èkejì ń bèèrè àkọsílẹ̀ owó ọdún mẹ́ta. Orúkọ ìṣòwò lásán ni mo ní ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀. Owó èlé kọ́ ni wọ́n fi ń dán nǹkan wò, mi ò yá a.

Ẹni tó bá ti gba irú owó yìí rí nínú yín: èwo ló ń fún oníṣẹ́ ọwọ́ tí kò sí lábẹ́ yunifásítì? Tí kò bá sí, tí mo bá wá olùkọ́ kan tí a ó jọ kọ̀wé béèrè owó náà, báwo la ṣe ń kọ àdéhùn tí iṣẹ́ náà ò fi ní bọ́ lọ́wọ́ mi?