Ìgbà wo lẹ máa ń juwọ́ sílẹ̀ tí gèémù bá ti bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́?

Ọmọ_Òjé:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ eléyìí. Sátidé tó kọjá, a ta ìdíje chess kékeré kan n'Íbàdàn níbí, gèémù mi kẹrin, èmi àti bàbá kan tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún la jọ jókòó. A ta á títí, ó lé ní wákàtí méjì, gbogbo nǹkan ti tán lórí bọ́ọ̀dù, ó ku ọba mi nìkan ní g7 (orúkọ ojúlé kan lórí bọ́ọ̀dù), bàbá ní bíṣọ́ọ̀bù kan àti póònù kan ní h5. Mo wò ó, mo ní kí lèèyàn tún fẹ́ fi ọba nìkan ṣe, póònù yẹn á ṣáà dé ìlà ìkẹyìn, á di queen, kí n má lọ máa fi àsìkò bàbá oníbàbá ṣòfò. Mo nawọ́, mo bọ bàbá lọ́wọ́, mo ní ẹ kú oríire sà.

Bàbá gba ọwọ́ mi. Wọ́n buwọ́ lùwé èsì tán pátápátá kí wọ́n tó ní "ọmọ mi, jókòó ná." Wọ́n wá to bọ́ọ̀dù padà bó ṣe wà. Wọ́n ní kí n wo bíṣọ́ọ̀bù àwọn, ojúlé funfun ló ń rìn, bẹ́ẹ̀ h8 tí póònù yẹn ń lọ, dúdú ni, bíṣọ́ọ̀bù yẹn ò lè lé mi kúrò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n kó ọba mi wọ igun yẹn kí n máa lọ kí n máa bọ̀, g8, h8, g8, h8. Wọ́n gbìyànjú gbogbo ẹ̀ lójú mi, wọn ò rí mi lé jáde, ìgbà tí wọ́n sì há mi mọ́ igun jù, stalemate, ìyẹn ni pé wọn ò kọlu ọba mi, síbẹ̀ mi ò ríbi gbé e lọ. Ọ̀mì ni! Ìdajì póìǹtì mi lọ bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè mi ni pé báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó kéèyàn rìsáìn, kó juwọ́ sílẹ̀? Àwọn kan ní ìwọ̀sí ni kéèyàn máa ta á lọ nígbà tó ti kú tán, àwọn kan ní kéèyàn má rìsáìn láéláé. 1350 ni máàkì agbára mi lórí Lichess, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta chess, ẹ fìyẹn sọ́kàn.

Bọ́ọ̀dù_Kùtùkùtù:
Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Àìmọ ìparí gèémù ló pa ẹ́, rìsáìn kàn tẹ̀lé e ni. Bíṣọ́ọ̀bù tí àwọ̀ ẹ̀ kò bá igun póònù ìlà h mu, ó yẹ kó o ti mọ ìyẹn.

Èmi o, tí rook mi bá lọ lásán tí mi ò rí nǹkan kan gbà padà, tí ẹni tó wà níwájú mi sì jẹ́ 2000, tí aago ẹ̀ ṣì kún, mo ti dìde nìyẹn. Kí ni mo fẹ́ dúró ṣe? Gèémù míì ń bọ̀ lọ́sàn-án, ẹ jẹ́ kí n lọ jẹ ẹ̀wà kí n sinmi orí. Tó bá wá jẹ́ oníṣẹ́jú mẹ́ta, hàá, ìyẹn yàtọ̀, mi ò mọ rìsáìn níbẹ̀, ọwọ́ á gbọ̀n, aago á tán, a ti rí i rí.

Àǹtí_Póònù:
Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní chess tí wọ́n bá ti jáde ilé ìwé, rìsáìn ò sí ní kíláàsì mi. Lóṣù tó kọjá ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́sàn-án kan, ọba nìkan ló kù sí i lọ́wọ́, ọmọkùnrin tí wọ́n jọ ń ta ní queen, ó ní rook, ó tún ń wo àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lójú fèrèsé. Ọba ọmọbìnrin yẹn wà ní h8. Ọ̀gbẹ́ni gbé queen ẹ̀, gbàà, sí g6. Ọmọ yìí fìka ka ojúlé lọ́kọ̀ọ̀kan, g8 rárá, g7 rárá, h7 rárá, kò sí ṣẹ́ẹ̀kì, nǹkan kan ò kọlu ọba ẹ̀, kò sì ní nǹkan míì tó lè gbé. Ó gbójú sókè wò mí, ó ní "Àǹtí, mi ò ríbi lọ." Ẹ̀rín pa mí! Ọ̀mì ni mo kọ.

Ohun tí mi ò gbà fún wọn ni kí wọ́n bínú jókòó, kí wọ́n káwọ́ gbera kí aago fi máa lọ. Tó o bá fẹ́ jà, jà. Tó ò bá jà mọ́, dìde.

Ọ̀ta_Ayò:
Ẹ ṣé, Àǹtí. Àbúrò, má sunkún, àwọn tó ju gbogbo wa lọ ti ṣe é. Lọ́dún 1902 ní Monte Carlo, Georg Marco wo bíṣọ́ọ̀bù ẹ̀ tó há sí d4, ó ní ó ti lọ, ó juwọ́ sílẹ̀ fún von Popiel. Bíṣọ́ọ̀bù yẹn náà tó bá gbé e bọ́ sí g1 ni, mate, ìyẹn pípa ọba, á ti máa bọ̀ ní h2, òun ni ì bá jẹ gèémù yẹn!

Kasparov náà ńkọ́? New York, 1997, gèémù kejì pẹ̀lú Deep Blue, kọ̀ǹpútà IBM. Ó dìde, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó rí i pé tó bá ti kó queen ẹ̀ lọ sí e3 ni, ó ṣeé ṣe kó máa ṣẹ́ẹ̀kì lọ títí á fi di ọ̀mì. Ó ti gbà lọ́kàn ara ẹ̀ pé ẹ̀rọ yẹn ò lè fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. 3½ sí 2½ ni wọ́n fi nà án lápapọ̀, ẹ wá ṣírò ìdajì póìǹtì yẹn fúnra yín.

Bọ́ọ̀dù_Kùtùkùtù:
Ẹ̀gbọ́n, láti 1902 ẹ̀ẹ̀melòó lẹ rí i? Ẹgbẹ̀rún gèémù tí wọ́n rìsáìn tó sì tọ́, ẹnikẹ́ni ò sọ tiwọn.

Ọ̀ta_Ayò:
Òótọ́ ni, mi ò bá ẹ jà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń ṣe nìyí: kí n tó nawọ́, mo máa yí bọ́ọ̀dù yẹn padà lọ́kàn mi, kí n ní èmi ni mo mú tọ̀hún, báwo ni mo ṣe máa parí ẹ̀? Tí mo bá rí ọ̀nà ẹ̀ kedere, tí mo mọ̀ pé ẹni yìí náà rí i, ó tán nìyẹn. Tí mi ò bá rí i, mo jókòó, kó fi hàn mí. Ọmọ Òjé, ṣé o mọ bí bàbá ṣe fẹ́ pa ẹ́ nígbà tó o nawọ́?

Ọmọ_Òjé:
Mi ò mọ̀ o, sà. Mo kàn rí bíṣọ́ọ̀bù ni.

Mo tò ó nílé lálẹ́ àná, èmi mú funfun, àbúrò mi obìnrin tí kò mọ̀ ju bí nǹkan ṣe ń rìn lọ mú ọba. Wákàtí kan gbáko, mi ò rí i pa, ó ń jẹ búrẹ́dì lọ ní tiẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ póònù ìlà a ńkọ́? a8 funfun ni, àbí, ìyẹn ni pé bíṣọ́ọ̀bù ojúlé dúdú ni mo máa gbàdúrà kó kù sí wọn lọ́wọ́?

Àǹtí_Póònù:
Bẹ́ẹ̀ ni. Sáré wọ igun ná, kó o tó gbàdúrà.