Arọ́pò-ìka ni àbí kálámù?

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Láti ìjẹta ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, mo sì ti ní kí n má dá sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ dé orí "ọ̀pá ìfọwọ́kàn", ara mi ò gbà á mọ́.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: ẹ̀gbọ́n wa kan tó jẹ́ olùkọ́ ló béèrè ohun méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fẹ́ ra stylus, kinní bíi bírò tí wọ́n fi ń kọ̀wé sójú fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì, èyí tí kò ní gbọ́n àpò wọn gbẹ. Wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tí a ó máa pè é ní Yorùbá. Orúkọ mẹ́rin ló ti jáde: ọ̀pá ìfọwọ́kàn, gègé ayárabíàṣá, ìrọ́kẹ́ àti kálámù. Lórí ọ̀rọ̀ owó, ẹnì kan péré ló dáhùn, ohun tó sì sọ ni pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, kí wọ́n ra èyí tó bá dínwó jù.

Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ mú un, torí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà rárá. Nǹkan méjì tó yàtọ̀ síra ni Òyìnbó kó sábẹ́ orúkọ kan. Bí àwa náà bá wá orúkọ kan ṣoṣo fún un, ẹni tó bá lọ ra á yóò ná owó lẹ́ẹ̀mejì bí mo ṣe ná an.

Lọ́dún tó kọjá, mo ra ọ̀kan ní ẹgbẹ̀rún kan àbọ̀ náírà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń ta ìbòrí fóònù. Irin fẹ́lẹ́ ni ara rẹ̀, rọ́bà dúdú róbótó sì ni orí rẹ̀, ó tó orí ìka ọmọdé. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ fi ṣe kò ju kí n máa fi àmì ohùn sí iṣẹ́ àwọn èèyàn nínú tábúlẹ́ẹ̀tì mi, kí n má baà máa tẹ gbogbo rẹ̀ sórí ìwé. Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ dán wò ni "ọ̀pọ̀lọ́". Rọ́bà yẹn bo ibi tí mo fẹ́ fi àmì sí mọ́lẹ̀ pátápátá, n kò rí i títí mo fi gbé ọwọ́ kúrò. Àmì ìsàlẹ̀ tó yẹ kó wà lábẹ́ ọ̀ àkọ́kọ́ bọ́ sórí ìlà kejì, àmì òkè sì lẹ̀ mọ́ p bí eṣinṣin tó kú síbẹ̀. Kí n tó mọ̀, ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi tó kan gíláàsì ti fa ìlà gbọọrọ kan gba àárín ojú ìwé kọjá. Ohun tó jáde kì í ṣe ọ̀pọ̀lọ́, kì í sì í ṣe ọpọlọ. Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, rọ́bà náà ya.

N kò bínú sí ọmọkùnrin yẹn. Ohun tó tà fún mi ṣe iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, èmi ni mo gbé iṣẹ́ ẹlòmíràn fún un. Ojú fóònù ayé òde òní, iná díẹ̀ tí a kò lè mọ̀ lára ló tẹ́ sí i. Omi àti iyọ̀ ló kún ara èèyàn, iná sì máa ń gba inú wọn kọjá. Bí ìka bá kan gíláàsì, ó fa díẹ̀ nínú iná náà, fóònù á wá wo ibi tí iná ti yí padà, á mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti fọwọ́ kan òun. Ìdí nìyẹn tí ẹ lè fi èékánná lu ú títí, tí kò ní dá yín lóhùn. Ìdérí bírò náà, kò ní dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n kan dání, kí ẹ fi ìdí rẹ̀ kàn án, yóò jẹ́ yín. Nígbà òtútù ọdún 2010, ìròyìn gbé e pé àwọn ará Kòríà Gúúsù ń fi sọ́séèjì tẹ fóònù wọn kí wọ́n má baà bọ́ ìbọ̀wọ́ wọn nínú òtútù. Mi ò purọ́.

Rọ́bà tí mo rà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó dúró fún ìka, fóònù kò sì mọ̀ pé kì í ṣe ìka. Orúkọ tó bá irú èyí mu ti wà lẹ́nu wa láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ arọ́pò-orúkọ: mo, o, ó, a, ẹ, wọ́n. Kì í ṣe orúkọ, àmọ́ ibi tí orúkọ ì bá dúró sí ló ń dúró sí. Arọ́pò-ìka ni mo pe tèmi.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí àwọn orúkọ tó wà nílẹ̀. Ọ̀pá ìfọwọ́kàn kò le tú palẹ̀ rárá. Ọwọ́ ti wà nínú "ìfọwọ́kàn". Bí mo bá ti fi ọwọ́ kàn án, kí ni ọ̀pá tún ń wá níbẹ̀? Ẹni tó fẹ́ lo ọ̀pá lè lò ó fún ti àwọn fóònù àtijọ́ bíi Nokia 5800 ti ọdún 2008, àti àwọn tó ń ti Ṣáínà wá nígbà náà, tí wọ́n ki igi tín-ín-rín kan bọ ihò ní igun wọn. Ìpele méjì ni ojú àwọn yẹn ní. Bí tòkè bá ti tẹ tìsàlẹ̀, ó ti gbọ́. Ọ̀pá ìtẹ̀ nìyẹn lóòótọ́. Bí tiwọn bá sọnù, igi ìṣáná tó o.

Gègé ayárabíàṣá pa mí lẹ́rìn-ín. Ayárabíàṣá tí a fi ń pe kọ̀ǹpútà kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí mo rà yẹn, bí mo bá fa ìlà, ńṣe ni ìlà náà ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fà lọ sílé ìwé. Àṣá wo ló ń yá báyẹn? Gègé fúnra rẹ̀ dára, mo ń lò ó fún bírò. Àmọ́ ẹ rántí bí àwọn èèyàn ṣe ń kọ Yorùbá láìfi àmì sí i: lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá kéde pé òun ní gege tuntun, àwọn kan á máa bá a dárò ọrùn rẹ̀.

Àbúrò wa tó mú ìrọ́kẹ́ wá, mo rí ibi tí wọ́n ń lọ. Wọ́n fẹ́ kí tábúlẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọpọ́n, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó dùn mí láti ta kò ó. Ṣùgbọ́n ìrọ́kẹ́ kì í kọ nǹkan kan. Babaláwo a máa fi lu ọpọ́n ni. Ìka ló fi ń tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn: bí ikin kan bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́, a tẹ ìlà méjì, bí méjì bá ṣẹ́ kù, a tẹ ìlà kan. Afọwọ́tẹ̀ ni ọpọ́n Ifá láti ilẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni fún arọ́pò.

Ó ku kálámù. Ẹni tó dá a lábàá kò ṣàlàyé, ẹlòmíràn sì ti sọ pé Lárúbáwá ni, pé ti mùsùlùmí ni. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá la ti gbà á lóòótọ́. Bírò ńkọ́? László Bíró, ará Hungary, ló gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Britain ní ọdún 1938. Orúkọ ọkùnrin kan là ń kì bọ àpò láràárọ̀, n kò sì tíì rí ọmọ Yorùbá tó bínú sí i. Ní ti ẹ̀sìn, ẹ ṣí Bíbélì Yorùbá: wàláà òkúta ni Mósè gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, kálámù sì wà nínú Sáàmù karùndínláàádọ́ta. Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì ló jọ ni ín.

Wàláà yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa. Èmi kò lọ sílé kéú, àmọ́ ọ̀kan wà lẹ́yìn ilé wa nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọmọ á gbé pátákó pẹlẹbẹ tó ní ọwọ́ ìdìmú lé itan, á ki kálámù tí wọ́n fi ọ̀bẹ gbẹ́ lẹ́nu bọ inú tàdáà, á kọ ọ́ kún. Bó bá ti mọ̀ ọ́n sórí, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á kọ òmíràn. Ẹ sọ fún mi ohun tí tábúlẹ́ẹ̀tì ń ṣe tó ju ìyẹn lọ. (Ibì kan wà tí wàláà ti jù ú: ẹ lè mu omi tí ẹ fi fọ̀ ọ́.) Àwọn ará Róòmù tó ni stilus gan-an, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n fi ń ṣe: pátákó tí wọ́n da ìda sí lójú ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, orí kan rẹ̀ ṣóńṣó fún kíkọ, èkejì pẹlẹbẹ fún píparẹ́. Àwọn tó wá fi y sí i lẹ́yìn náà rò pé ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó túmọ̀ sí òpó ló ti wá. Wọ́n ṣi orúkọ tiwọn kọ títí dòní, àwa wá ń ṣe ìdọ̀tí-kò-gbọdọ̀-kàn-án sí kálámù.

Ohun tí mo wá fẹ́ kí a gbà ni pé kí tábúlẹ́ẹ̀tì máa jẹ́ wàláà, kí kálámù sì jẹ́ èyí tí wàláà dá mọ̀ yàtọ̀ sí ìka. Bí irú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ lè gbé gbogbo àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì, kò ní ka ọwọ́ yín sí, kálámù nìkan ni yóò máa tẹ̀ lé. Irú èyí ni Samsung kó sínú Galaxy Note ní ọdún 2011: pẹpẹ mìíràn wà lábẹ́ gíláàsì tó ń bá kálámù náà sọ̀rọ̀, tí kálámù kò fi nílò bátìrì láti kọ̀wé. Ní ọdún 2007, Steve Jobs, ọ̀gá Apple, dúró lórí pèpéle, ó ń béèrè pé ta ló fẹ́ stylus. Ní 2015, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ń ta ọ̀kan ní dọ́là 99. Àwọn èèyàn ní wọ́n yí ohùn padà. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá àti arọ́pò-ìka lòun ń bú, kálámù ni wọ́n tà lẹ́yìn náà. Ẹ sì wò ó, wọn ò pè é ní stylus: Apple ní Pencil ni tàwọn, Samsung ní S Pen. Àwọn tó ń ṣe é pàápàá sá fún orúkọ yẹn, torí wọ́n mọ̀ pé ohun tí àwọn ṣe kì í ṣe ohun tó wà lórí àtẹ.

Ẹ̀gbọ́n, ó wá kan owó yín. Ẹ kọ́kọ́ wo wàláà tó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó wo àtẹ ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ iPad tó jáde láti 2018 síwájú, àwọn kálámù aláìlórúkọ tí wọ́n ń gba iná bíi fóònù wà tó dá wọn lóhùn, tí kò sì ní ka ọwọ́ yín sí. Wọn kò mọ̀ bóyá ẹ tẹra mọ́ ọn tàbí ẹ kò tẹra mọ́ ọn, ṣùgbọ́n èyí tí Apple fúnra wọn ń tà ní dọ́là 79 láti 2023 náà kò mọ̀ ọ́n, àmì ohùn kò sì nílò rẹ̀. Bí iPad yín bá ti dàgbà jùyẹn lọ, ẹ má ràá.

Bó bá jẹ́ Android lásán, ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n bá ní ó ń bá gbogbo fóònù ṣiṣẹ́. Bátìrì wà nínú rẹ̀, imú rẹ̀ tín-ín-rín, ó jọ kálámù lójú. Arọ́pò-ìka ni. Iná inú rẹ̀ kàn ń tan fóònù jẹ pé ìka dé ni, ọwọ́ yín á sì tún máa kọ tirẹ̀. (Àwọn onígírámà tó mọ arọ́pò-afarajórúkọ, ìyẹn èmi, ìwọ, òun, lè bá wa pe èyí ní afarajọka.) Ní tèmi, bí ẹ̀yà Android bá ni, owó rẹ̀ yẹ kó lọ sórí wàláà tòkunbọ̀ tó ti ní kálámù tirẹ̀: Galaxy Tab S6 Lite ti 2020 ń bá tirẹ̀ jáde nínú páálí, fóònù Infinix Note 6 ti 2019 sì ki tirẹ̀ bọ ikùn. Bí agbára kò bá ká a, ẹ má ra olórí rọ́bà bí mo ṣe rà á. Ẹ ra èyí tó ní abala ike róbótó tó mọ́ gaara lẹ́nu. Arọ́pò-ìka náà ni, ṣùgbọ́n ẹ lè wo inú ike yẹn, kí ẹ rí ibi tí àmì fẹ́ bọ́ sí. Ó ń dún ko-ko-ko lórí gíláàsì, ìyẹn kò ní pa yín.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ dán an wò. Ẹ rọra fa ìlà kan dàgẹ̀rẹ̀ láti igun dé igun, wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá ń wọ́ bí ejò, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ e, o, s ní ìgbà mẹ́wàá, kí ẹ fi àmì sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láìtẹra mọ́ ọn. Àwọn tó dùn ún fa ìlà pọ̀, tí wọn kò gbọ́ àmì rárá.

Ó ku ohun kan tí ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ níbí, ìyẹn ike kékeré ṣóńṣó tó wà ní iwájú kálámù, tó máa ń jẹ tán, tí a ń yọ, tí a ń pààrọ̀. Ẹnu kálámù ni mo ń pè é, bí àwọn ọmọ kéú ṣe ń pe tiwọn. Mẹ́ta ló wà nínú páálí tèmi, mo ti wà lórí ìkejì. Ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta ẹnu nìkan, kó jọ̀ọ́ kó dáhùn.