Ìdáhùn: “Ìríṣe” dípò “ìpèsè”? Ta ló ń rí, kí ló sì rí?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti pinnu pé n ò ní dá sí ọ̀rọ̀ yìí, pé kí ẹ̀yin ọ̀dọ́ jà á tán láàárín ara yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pásítọ̀ wa kọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kẹta pé “ìríṣe” ti di ọ̀rọ̀, pé òun tilẹ̀ ti ń lò ó lórí àga ìwàásù, oorun dá lójú mi.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Pásítọ̀ ń túmọ̀ ìwé kan fún ìjọ rẹ̀, lórí bí onígbàgbọ́ ṣe ń gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run fún àtijẹ àtimu, tó sì ń wá bí yóò ṣe súnmọ́ Ọn. Ó ní òun ò ní fi “ìpèsè” sínú ìwé òun, nítorí pé ìpèsè ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ń gbé fún àwọn ìyá (àwọn àjẹ́) lóru. Ó ní “jire” inú Jèhófà-jire, “rí” ni ní èdè Hébérù, nítorí náà “ìríṣe” ló yẹ wá: Ọlọ́run rí àìní, Ó sì ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni ti Hébérù yẹn. Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 22. Ní ẹsẹ 8, Ábúráhámù dá ọmọ rẹ̀ lóhùn pé Ọlọ́run tìkára rẹ̀ ni yóò pèsè ọ̀dọ́-àgùntàn náà. Ní ẹsẹ 14, ó sọ ibẹ̀ ní Jèhófà-jire, Bíbélì wa àtijọ́ sì ní, “Ní òkè OLÚWA ni a ó gbé rí i.” Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ni Hébérù lò ní ibi méjèèjì. Nínú Bíbélì odindi tó jáde ní 1884, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe agbátẹrù rẹ̀, “pèsè” wà ní ọ̀kan, “rí” wà ní èkejì. Pásítọ̀ ní àṣìṣe ni. Èmi ní etí ni wọ́n fi ṣiṣẹ́.

Ẹ wo “rí” dáadáa, torí òun gan-an ló gbé mi dìde. Nínú èdè wa, ẹni tó bá rí ni nǹkan bọ́ sí lọ́wọ́. Rí jẹ, rí mu, rí ná, rí lò. Ẹni tí kò rí ni tálákà: àìríná-àìrílò, àìríkan-ṣèkan. Kò sí ìkankan nínú wọn tí ẹni tó ń rí ti jẹ́ olùfúnni. Ẹni tó gbà ni. Bí mo bá wá gbọ́ “ìríṣe Ọlọ́run” lórí àga ìwàásù, ohun tó wọ etí mi ni pé Ọlọ́run náà ti rí nǹkan ṣe, kí a bá A yọ̀. Kí Ó má ṣàì dárí jì mí, àmọ́ ẹ̀yin lẹ fà á.

Bí ẹ bá sì yọ “ṣe” kúrò tí ẹ fi “rí” nìkan sílẹ̀, ó tún burú sí i. Ìgbà wo ni Yorùbá máa ń sọ pé Ọlọ́run ń rí èèyàn? Ìgbà tí oníyàrá bá fẹ́ sá lọ láìsan owó ilé. “Ọlọ́run ń rí ẹ o!” Ẹni tí ebi ń pa kọ́ là ń sọ ọ́ fún.

Ó ku ti àwọn ìyá. N kò jiyàn pé ìpèsè wà lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n Pásítọ̀, àdúrà tí ẹ ń gbà, ọ̀dọ̀ àwọn Mùsùlùmí la ti yá a. Ọ̀dọ̀ wọn náà la ti yá ìwàásù tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ jẹun. Àlùfáà náà ńkọ́? Ẹbọ wà nínú Bíbélì láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé Ìfihàn, ẹ ò lé e jáde. Èṣù tí ẹ fi bo Sátánì lórí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi Èṣù léèrè, ẹ̀yin kò bínú sí ìyẹn. Ìpèsè nìkan ló wá ń run yín nímú? Àwọn tó dá Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde nígbà àjàkálẹ̀ àrùn 1918, àwọn tó jẹ́ pé àdúrà nìkan ni wọ́n gbójú lé, Bíbélì tí “pèsè” wà nínú rẹ̀ yìí náà ni wọ́n ń kà.

Ẹ tún gbọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Ní ẹsẹ 8 yẹn, kí ni wọ́n ń pèsè ọ̀dọ́-àgùntàn fún? Fún ẹbọ sísun. Ìpèsè fún ẹbọ ni ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ṣe mọ̀ ọ́n. Àmọ́ nílé, èèyàn ló ń pèsè kí àwọn alágbára má baà pa á. Lórí òkè Mòráyà, Ẹni tí wọ́n ń gbé ẹbọ lọ fún ló pèsè. Bí ẹ bá mú “ìpèsè” kúrò níbẹ̀, adùn ìtàn náà ti bá a lọ.

Bàbá wa ní Ìbàdàn, tí òun náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí, ní “pè” àti “èsè” ló bí pèsè, pé ìpè ni, bí ẹni pe ẹgbẹ́ jọ láti dá owó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. “Pa” ni. Pa ète, pète. Pa àṣẹ, pàṣẹ. Pa òwe, pòwe. Pa àlọ́, pàlọ́. Pa èsè, pèsè. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìpajẹ, ìyẹn bí fáwẹ́lì kan ṣe ń bọ́ dànù nígbà tí ọ̀rọ̀ méjì bá so pọ̀, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó bi mí pé ta ni wọ́n pè. (Ẹni tó ní bàbá òun jẹ́ ajíhìnrere, pé nítorí náà òun ló ni òpin ọ̀rọ̀: bàbá tèmi náà ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì, n kò tíì fi ìyẹn gba máàkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.)

Ìyá tó bí ìyá mi, Aládùúrà ni, èlùbọ́ ló ń tà. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, á bu èlùbọ́ sọ́tọ̀ sínú igbá, á fi òmíràn dé e. Ẹ bi í pé ta ló ń bọ̀, kò mọ̀. “Mo pèsè sílẹ̀ ni.” Bí òjò bá wá ba ọjà jẹ́ tí kò tà rárá, á ká aṣọ rẹ̀ sókè, á ní Olúwa ti pèsè sílẹ̀ kí òun tó jí. N kò gbọ́ “pèsè” lẹ́nu rẹ̀ rí kí “sílẹ̀” má tẹ̀ lé e. Pásítọ̀, “rí” tí ẹ ń wá kiri, inú “sílẹ̀” ló wà. Ta ni yóò pèsè sílẹ̀ tí kò rí iwájú? Nígbà tí Ábúráhámù gbé ojú sókè ní ẹsẹ 13, àgbò ti fi ìwo há sínú igbó. Ọlọ́run pèsè, Ábúráhámù rí. Olúkúlùkù gba ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀.

Mo yára dé orí “súnmọ́”. Pásítọ̀ kọ “ìsúnmọ̀”, ó ní a súnmọ́ Ọlọ́run kí a lè mọ̀ Ọ́n ni. Ìwàásù dáadáa nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe gírámà. “Mọ́” inú lẹ̀ mọ́, rọ̀ mọ́, dì mọ́ ni. Àmì ohùn kì í ṣe iyọ̀ tí èèyàn ń wọ́n sí ọbẹ̀ bó ṣe wù ú.

“Ìbálọ́runrẹ́” (bíbá Ọlọ́run rẹ́) tí Ìyá wa tó wà ní London gbé wá, èmi fẹ́ràn rẹ̀. Bàbá Ìbàdàn ní àfojúdi ni, pé ẹgbẹ́ ẹni là ń bá rẹ́. Jákọ́bù 2:23 pe Ábúráhámù ní ọ̀rẹ́ Ọlọ́run. Énọ́kù bá Ọlọ́run rìn. Màlúù tí kò nírù, Olúwa ní í bá a lé eṣinṣin. Bí Olúwa bá lè bá màlúù lé eṣinṣin, “bá” kò tíì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ nìkan. Ṣùgbọ́n Bàbá yóò ní rírìn kọ́ ni rírẹ́, lílé kọ́ sì ni, mo sì mọ̀ pé yóò kọ ojú ìwé mẹ́rin.

Lójú tèmi o, bí mo bá ń túmọ̀ ìwé yẹn, “tì” ni mo máa lò. Àwọn òbí wa ti sọ ọmọ ní Fẹ̀yìntolúwa àti Dúrótolúwa kí ẹnikẹ́ni tó dá ìgbìmọ̀ ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri, ṣé ó tún ń wá bí yóò ṣe súnmọ́ ògiri? Orí méjì ni Pásítọ̀ ní ìwé rẹ̀ ní, ọ̀kan fún ìgbẹ́kẹ̀lé, ọ̀kan fún ìsúnmọ́. Ìfẹ̀yìntì kan ṣoṣo gbé e.

Àbí ẹ ní kí n má lo “ìfẹ̀yìntì”, kí wọ́n má baà rò pé owó ìfẹ̀yìntì wa tí wọn kò tíì san ni? Mo gbà, ìyẹn ṣòro díẹ̀.

Ti “ẹ̀kẹ̀” inú gbẹ́kẹ̀ lé tí ẹnì kan tún fà yọ lánàá pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni: ẹni tó bá lè gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ẹ̀kẹ̀ kí ohùn òkè rẹ̀ má bọ́ sọ́nà, kó wá fi han wá. Ọjọ́bọ̀ ni mo máa tún ṣí kọ̀ǹpútà.