Tábìlì máàkì yí padà mọ́ wa lọ́wọ́: kí ni kí a fi yan àwòrán iṣẹ́?

Ọmọ Afárá béèrè:
Ẹ̀yin àgbà inú iṣẹ́, mo kí yín. À ń yan ohun tí omi yóò gbà kọjá lábẹ́ títì kan: páìpù tí owó rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 12 náírà, culvert onígun mẹ́rin (ọ̀nà omi oníkọnkéré tí a kọ́ bí àpótí sábẹ́ títì) tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 18, tàbí afárá kékeré tí ó jẹ́ mílíọ̀nù 40. A fún èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ní máàkì 5, a fún èyí tí ó wọ́n jù ní òdo, a sì ṣe bákan náà fún ìwọ̀n omi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbà, èyí tí ó lè gba omi jù ni ó gba 5; ìdá 60 nínú 100 ni a fún owó. Culvert ni ó borí. Nígbà tí ọ̀gá ní kí a yọ afárá kúrò nítorí pé kò sí ẹni tí yóò san owó rẹ̀, páìpù bọ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ohunkóhun kò yí padà lára páìpù tàbí culvert. Níbo ni a ti ṣì í?

Oníṣirò dáhùn:
Ìṣirò yín kò ní àbùkù, òṣùwọ̀n tí ẹ lò ni ó ní in. Orí afárá ni òdo yín dúró lé. Mílíọ̀nù 6 tí ó wà láàárín páìpù àti culvert, tí kò ju máàkì kan àti díẹ̀ lọ tẹ́lẹ̀, di odidi máàkì 5 lọ́jọ́ tí ẹ yọ afárá. Ìmọ̀ ìpinnu, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń fi ìṣirò yan ohun tí ó dára jù, a máa béèrè ohun méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀: báwo ni ó ṣe ṣeé ṣe tó kí aburú ṣẹlẹ̀, èló ni yóò sì bàjẹ́ bí ó bá ṣẹlẹ̀? Ká ní òjò tí ó ju agbára páìpù lọ ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún 10, tí èyí tí ó ju ti culvert lọ sì ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún 50. Láàárín ọdún 30, ìkún omi 3 ni ẹ óò retí lórí páìpù, 0.6 lórí culvert; ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 2.4. Ẹ pín mílíọ̀nù 6 sí 2.4, yóò fún yín ní mílíọ̀nù 2.5. Bí ìkún omi kan bá ń ba ohun tí ó ju ìyẹn lọ jẹ́, culvert ni kí ẹ yàn. Ẹ kò nílò iye àdánù náà gẹ́lẹ́, bí kò ṣe ìhà tí ó wà sí ààlà yìí. Ṣùgbọ́n owó ọdún 30 òní kì í ṣe ẹgbẹ́ owó òní, èyí yóò sì gbé ààlà náà sókè.

Onípákó dá sí i:
Bẹ́ẹ̀ náà ni David van Dantzig, onímọ̀ ìṣirò ará Netherlands, ṣe ní 1956, lẹ́yìn tí òkun ya wọ ìlú wọn ní 1953 tí ènìyàn 1,836 sì kú: ó wá gíga odi ìdènà òkun tí owó ìkọ́lé rẹ̀ pẹ̀lú àdánù tí a lè retí yóò kéré jù lọ. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún “ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún 10” yẹn. Ilẹ̀ tí wọ́n bá da sìmẹ́ńtì bò lápá òkè kì í fa omi mu mọ́, irú òjò àná gan-an yóò sì mú omi tí ó ju ti àná lọ wá. Èkejì ni pé ẹni tí ń san owó culvert kọ́ ni omi ń wọ ilé rẹ̀. Àdánù ta ni ẹ kọ sílẹ̀?

Ọmọ Afárá:
Ẹ ṣeun gan-an. Owó àtúnṣe títì nìkan ni a kọ, mílíọ̀nù 1.5, a kò ka ọjà àwọn oníṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ títì rárá. Ọ̀la ni mo ń lọ bá wọn.