Fáìlì, kọ̀ǹpútà àti àṣìṣe ní ilé ìwòsàn: kí ni ojú yín ti rí?

Ọmọ Rẹ́mọ: Mo kí gbogbo ilé. Ilé ìwòsàn tí bàbá mi ti ń gba ìtọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó àkọsílẹ̀ aláìsàn kúrò nínú fáìlì sínú kọ̀ǹpútà. Mo fẹ́ mọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó ti rí i rí bóyá ó ń dín àṣìṣe kù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ ilé ìwòsàn kankan.

Apòògùn Ìjẹ̀bú-Òde: Ó ń dín in kù. Ìwé oògùn tí a fi ọwọ́ kọ ni ó ń yọ wá lẹ́nu jù ní kẹ́míìsì. Ẹjọ́ kan wáyé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àwọn ọdún 1980: dókítà kọ Amoxil, tí ó ń pa kòkòrò àrùn, ṣùgbọ́n apòògùn kà á sí Daonil, tí í ṣe oògùn àtọ̀gbẹ. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn náà já wálẹ̀, ọpọlọ rẹ̀ sì bàjẹ́. Ilé ẹjọ́ di ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀bi náà ru apòògùn, ó sì di 25 ru dókítà tí ìkọ̀wé rẹ̀ kò ṣeé kà. Bí dókítà bá tẹ orúkọ oògùn sínú kọ̀ǹpútà, irú èyí kò lè ṣẹlẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Orúkọ oògùn máa ń tò tẹ̀lé ara wọn lójú kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó bá ń kánjú sì lè tẹ chlorpropamide, tí ó wà fún àtọ̀gbẹ, nígbà tí ó jẹ́ chlorpromazine, tí ó wà fún àìsàn ọpọlọ, ni ó ní lọ́kàn. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní 2005 rí oríṣi ọ̀nà 22 tí ẹ̀rọ ìkọ oògùn ilé ìwòsàn kan fi ń ṣí àyè sílẹ̀ fún àṣìṣe. Mo fẹ́ ẹ̀rọ náà o, nítorí pé ó lè kìlọ̀ bí a bá fẹ́ fún aláìsàn ní oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà. Ṣùgbọ́n bí ìkìlọ̀ bá ti pọ̀ jù, àwọn ènìyàn á kàn máa tẹ̀ ẹ́ kúrò láìkà á.

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ara Kẹ́hìndé mi kì í gba penisilíìnì; ètè rẹ̀ wú nígbà kan tí wọ́n fún un, a sì ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ibà tún mú un, akọ̀wé fi orúkọ bàbá wọn àti ọjọ́ ìbí wá àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó rí i, wọ́n sì ní kí a lọ gba abẹ́rẹ́. Nọ́ọ̀sì ti ń fa oògùn sínú abẹ́rẹ́ nígbà tí mo bi í léèrè orúkọ oògùn náà. Ó ní ampicillin ni, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé penisilíìnì. Mo ké pé ọmọ yìí kì í gbà á. Ó yí kọ̀ǹpútà sí mi láti fi hàn mí pé kò sí ohun tí ó jọ ọ́ níbẹ̀, ni mo bá rí i lókè pátápátá: Táíwò.

Ọmọ Òdógbolú: Háà! Orí ọmọ yẹn kò sùn o.

Ọmọ Rẹ́mọ: Ìyá wa, ẹ kú ewu. Ṣé wọ́n tún un ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìjẹ̀bú-Igbó: Wọ́n fi àmì sí àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n èmi fúnra mi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ pé, "Kẹ́hìndé ni èyí."

Olùtọ́jú Àkọsílẹ̀: Iṣẹ́ mi nìyí, ọ̀rọ̀ yìí sì dùn mí. Orúkọ ìdílé àti ọjọ́ ìbí kò tó láti fi mọ ènìyàn nílẹ̀ tí ìbejì pọ̀ sí báyìí. Nọ́ńbà káàdì ni kí akọ̀wé kọ́kọ́ béèrè, kí ó sì jẹ́ kí ìyá ọmọ pe orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Òdì kejì rẹ̀ náà wà: ìyá àgbà tí ó gba káàdì pẹ̀lú orúkọ Sàfúrátù lónìí, tí ọmọ rẹ̀ sì gba òmíràn fún un pẹ̀lú orúkọ Adénìkẹ́ lọ́dún tí ó tẹ̀lé e. Ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ wà nínú ọ̀kan, oògùn tí ó ń lò wà nínú èkejì, dókítà kò sì rí méjèèjì pọ̀.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́: Èmi kò gba gbogbo rẹ̀ gbọ́. Ní ìlú tí a ti mọ ara wa, ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà lè jẹ́ ọmọ ìyá ìyàwó mi. Ta ni yóò dá a lẹ́kun kí ó má ka àìsàn mi?

Apòògùn Ìjẹ̀bú-Òde: Bàbá, òfin ìlera ti 2014 ní kí àkọsílẹ̀ aláìsàn jẹ́ àṣírí, òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 sì tún kún un. Fáìlì tí ó wà lórí bẹ́ǹṣì, ẹnikẹ́ni lè ṣí i kí ó sì pa á dé. Kọ̀ǹpútà lè sọ ẹni tí ó ṣí i àti àsìkò tí ó ṣí i.

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: Ìyẹn bí oníkálùkù bá ń lo ọ̀rọ̀ aṣínà tirẹ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù tí ẹnì kan ń ṣí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ tí gbogbo wa sì ń lò ó títí di alẹ́.

Bàbá Ìkẹ́nnẹ́: Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Bí iná bá lọ ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ṣàgámù: A máa ń kọ ọ́ sínú ìwé, Bàbá. Ewu ibẹ̀ ni pé tí iná bá dé, tí ẹnikẹ́ni kò sì tẹ ohun tí a kọ lóru sínú kọ̀ǹpútà, ẹni tí ó gba iṣẹ́ láàárọ̀ lè tún fún aláìsàn ní oògùn tí ó ti lò ní aago mẹ́rin ìdájí. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń mú ìwé náà dání nígbà tí mo bá ń fi iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, a ó sì jọ kà á lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn kọ̀ọ̀kan kí n tó lọ ilé.