Bíréèkì tírélà mi: mo ti rí ìdí rẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Tírélà kékeré tí mo fi ń kó àga àti kánópì òde kiri Òṣogbo, tí mo béèrè nípa rẹ̀ níbí pé táyà ọ̀tún rẹ̀ ń gbóná janjan bí mo bá ti Ẹdẹ dé, tí mo sì fẹ́ ra ọ́ọ̀sì tuntun sí (rọ́bà tí ọ́ìlì bíréèkì ń gbà dé ìdí táyà), ó ti yanjú.

Mo ti òkúta mọ́ ẹsẹ̀ kejì, mo fi jáàkì gbé e. Táyà ò yí. Mo tú nọ́ọ̀tì tí a fi ń fa afẹ́fẹ́ lára káálípà (irin tó ń fún páàdì bíréèkì mọ́ díìsì) bí ẹ ṣe wí. Ọ́ìlì jáde, táyà ṣì gan síbẹ̀. Ká ní ọ́ọ̀sì ló dí, táyà ì bá tú bí ọ́ìlì ṣe jáde. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ́ọ̀sì ló dí. Nígbà tí mo yọ káálípà, páàdì inú ti jẹ dé irin, ti ìta ò tíì jẹ dé ìlàjì! Àwọn píìnì tó yẹ kí káálípà máa yọ̀ lórí wọn ti dípẹtà, káálípà ò lè yọ̀ mọ́, ló fi di táyà mú; òòlù ni mo fi lé ọ̀kan jáde.

Mo ra píìnì tuntun, mo pààrọ̀ páàdì ẹsẹ̀ méjèèjì. Gíríìsì sílíkónì ni mo fi pa píìnì, torí èyí tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe máa ń mú rọ́bà wú. Mo da ọ́ìlì bíréèkì DOT 3 tuntun sí i, a sì fa afẹ́fẹ́ jáde.

Lánàá mo lọ Ẹdẹ, mo bọ̀. Mo gbọ́wọ́ lé ìdí táyà méjèèjì: wọ́n kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni, bákan náà.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n má tíì ra ọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.